Bọ́ọ̀lù Kan Tí Ó Mọ Ọwọ́ Mi

Ọlọ́jà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣàdédé pààrọ̀ kóńgò. Ìyá mi ń ta gàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá, kóńgò kan náà ni mo sì mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Etí rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n gbogbo oníbàárà ló mọ̀ ọ́n. Bí gàrí ọ̀sẹ̀ yìí bá wúwo ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, kóńgò ni yóò sọ. Bí ẹ̀wà bá tóbi tí kò sì kún bí ó ṣe yẹ, kóńgò náà ni yóò sọ. Ohun tí a ń wọ̀n lè yí padà lójoojúmọ́, ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni kò gbọdọ̀ yí. Ẹ̀kọ́ yìí wà níwájú mi nílé láti kékeré, ṣùgbọ́n inú eré ìdárayá kan tí kò wọ́pọ̀ ládùúgbò wa ni ó ti wá yé mi yékéyéké.

Bóólìn ni orúkọ eré náà. Igi 10 ni wọ́n ń tò ní ìrísí onígun mẹ́ta sí ìpẹ̀kun ojú pákó gígùn kan. Gíga igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 15. Láti ojú ìlà tí ẹsẹ̀ òṣèré kò gbọdọ̀ kọjá títí dé ọ̀dọ̀ igi àkọ́kọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, èyí tí ó lé díẹ̀ ní mítà 18. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 39 ni wọ́n tò mọ́ ara wọn láti fi ṣe ìbú rẹ̀. Òṣèré yóò yí bọ́ọ̀lù wíwúwo kan lọ lórí pákó yìí kí ó lè wó àwọn igi náà. Ìpele 10 ni eré kan ní, ó sì ní àǹfààní láti yí bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá wó gbogbo igi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń gba àlékún. Máàkì tí ó ga jù lọ ni 300. Ẹni tí ń wòran lè rò pé agbára ni eré náà ń fẹ́. Mo ti rí ọkùnrin gìrìpá tí ó fi gbogbo agbára yí bọ́ọ̀lù tí ó sì wó igi méjì péré, tí ìyá arúgbó kan sì rọra yí tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí gbogbo igi ṣubú pìrìgìdì.

Lẹ́yìn tí mo ṣe ìdánwò WAEC, tí mo ń dúró kí n wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo rí iṣẹ́ sí ilé eré kan ní Lekki. Iṣẹ́ mi ni láti máa fún àwọn oníbàárà ní bàtà eré, kí n sì máa nu bọ́ọ̀lù. Ọ̀nà náà jìn. Ìdájí ni mo ń jí. Mo ń wọ bọ́ọ̀sì BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Abúlé Ẹ̀gbá àti Òṣòdì ní ọdún 2020, láti Òṣòdì ni n óò sì ti wá ọkọ̀ mìíràn. Èrò kì í pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá wa sì máa ń gbà fún àwa òṣìṣẹ́ láti ṣeré. Ní ìparí oṣù, a máa ń bá ara wa díje.

Ọwọ́ ọ̀tún mi kò rí bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 7, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta mú ìka òrùka mi, ó sì gé e ní oríkèé àkọ́kọ́. Ojú egbò náà ti jinná tipẹ́. Mo ń fi ọwọ́ náà kọ̀wé, mo ń fi fọṣọ, mo ń fi gúnyán. Síbẹ̀, ó ti di àṣà mi láti máa ká ìka yẹn mọ́ àtẹ́lẹwọ́ níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Nínú eré bóólìn, kò sí ibi tí ènìyàn ń fi ọwọ́ pamọ́ sí. Àtàńpàkò, ìka àárín àti ìka òrùka ni a fi ń di bọ́ọ̀lù mú, gbogbo ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ ló sì ń wò ọ́.

Bọ́ọ̀lù tí ilé eré ń pèsè jẹ́ ti ọ̀gbẹ́ni gbogbo-ayé. Wọ́n lu ihò rẹ̀ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́, nítorí náà kò bá ọwọ́ ẹnikẹ́ni mu tán. Tèmi tún le sí i. Ìka òrùka mi kì í wọ inú ihò rẹ̀ dáadáa, ẹnu ihò ló máa ń dúró sí. Kí bọ́ọ̀lù má baà já bọ́, mo ní láti máa fi àtàńpàkò fún un pinpin. Ẹni tí ó bá ń fún bọ́ọ̀lù kò lè tú u sílẹ̀ lásìkò tí ó yẹ, torí náà òní lè lọ sápá ọ̀tún kí ọ̀la lọ sápá òsì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọrùn ọwọ́ mi wú.

Bọ̀dá mi tí ń gbé ní Houston, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbọ́ lẹ́nu ìyá wa, ó sì pè mí. Ó ní, “Àdùkẹ́, àwọn tí ń ṣe eré yìí níbí máa ń ra bọ́ọ̀lù tiwọn, wọ́n á sì lu ihò rẹ̀ mọ́ ọwọ́ wọn. Mo ti ní kí n ra fóònù fún ẹ lọ́dún yìí. Tó o bá fẹ́ bọ́ọ̀lù, màá ra bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni o, méjèèjì ò lè ṣeé ṣe.” Ojú fóònù mi ti fọ́ yánkanyànkan nígbà náà. Ìyá mi ní, “Fóònù ni kó o gbà. Kí ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù tó wúwo bí ọmọ ọlọ ṣe nínú ilé?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Mo sun oorun ọjọ́ méjì lé e lórí. Mo mọ̀ pé ọdún kan péré ni fóònù yóò fi dára lójú mi. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún 7 ni mo ti ń fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan wà tí ọwọ́ yìí lè ṣe níwájú èrò láìká ìka kò. Mo yan bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí a bá ní owó ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù, yíyàn kì í le. Àwọn òṣèré ńlá máa ń gbé bọ́ọ̀lù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú àpò, wọ́n á mú èyí tí ó bá ojú pákó ọjọ́ náà mu. Ọ̀kan ṣoṣo ni èmi ní, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn tí ó mọ eré náà ń pè ní benchmark, ìyẹn bọ́ọ̀lù òṣùwọ̀n. Bọ́ọ̀lù òṣùwọ̀n kì í ṣe èyí tí ó lágbára jù, kì í sì í ṣe èyí tí ó rọ̀ jù. Àárín ló wà. Òun ni òṣèré máa ń kọ́kọ́ mú jáde láti fi mọ bí ojú pákó ṣe rí, òun náà ni ó fi ń díwọ̀n àwọn bọ́ọ̀lù yòókù.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà lórí pákó. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ ta òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i láti iwájú lọ, ó sábà máa ń dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40. Ìyókù títí dé ìdí igi gbẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilé eré, òróró máa ń nípọn láàárín ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Bọ́ọ̀lù yóò yọ̀ níbi tí òróró wà, yóò sì gbá pákó mú níbi tí ó gbẹ. Níbẹ̀ ni yóò ti yà bí ọ̀kadà tí ń wọ ìkóríta. Bí òṣèré bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, àárín igi kìíní àti igi kẹta ni ó ń fẹ́ kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbà wọlé. Bọ́ọ̀lù tí ó bá yà wọ ibẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ máa ń wó igi ju èyí tí ó lọ tààrà lọ.

Ohun mẹ́ta ni èmi àti bọ̀dá mi yẹ̀ wò. Èkínní ni ìwọ̀n rẹ̀. Òfin kò gba bọ́ọ̀lù tí ó ju páùn 16 lọ. Páùn 10 ni mo ń lò ní ilé eré, mo sì rò pé òun náà ni kí n rà. Ẹni tí ń lu bọ́ọ̀lù ní Houston sọ fún bọ̀dá mi pé bọ́ọ̀lù tí ó bá ọwọ́ mu máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ ju èyí tí kò bá a mu lọ, torí ọwọ́ kò ní máa fún un mọ́. A mú páùn 13, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 6.

Èkejì ni èèpo rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe máa ń yọ̀ lọ tààrà, ó dára fún wíwó igi kan tí ó bá ṣẹ́kù. Èyí tí wọ́n fi urethane ṣe máa ń tètè gbá pákó mú, ó sì máa ń rọra yà. Èyí tí wọ́n fi reactive resin ṣe, tí ó dé ìgboro ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, máa ń yọ̀ lórí òróró, ó sì máa ń gbá ibi gbígbẹ mú gan-an. Nínú oríṣi kẹta yìí pàápàá, èyí tí ara rẹ̀ ń dán máa ń pẹ́ kí ó tó yà, èyí tí wọ́n fi sáńpépà ha ara rẹ̀ kí ó má dán máa ń tètè yà. A mú reactive resin tí dídán rẹ̀ kò pọ̀, tí agbára rẹ̀ sì wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ẹ̀kẹta ni kókó inú rẹ̀. Bí máńgòrò ṣe ní kóró ni bọ́ọ̀lù náà ní ohun líle kan nínú, bí wọ́n bá sì ṣe gbẹ́ kókó náà ni bọ́ọ̀lù yóò ṣe máa yí. Kókó kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, òmíràn wà tí kò dọ́gba. Èyí tí kò dọ́gba lè yà gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó lu ihò bá ṣì í lù díẹ̀, ìwà rẹ̀ á yí padà. Èyí tí ó dọ́gba máa ń fara da ọwọ́ ẹni tí ó lù ú. Ohun tí a mú nìyẹn, ó sì wá wúlò ju bí a ti rò lọ.

Ìdí ni pé bọ̀dá mi ti fẹ́ kí wọ́n lu bọ́ọ̀lù náà lọ́hùn-ún. Mo fi páálí ya ọwọ́ mi, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí ó yẹ kí ó lù ú ní òun kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní ìka tí ó gé kì í ṣe ohun tí a ń ti inú fọ́tò wọ̀n; ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ará àdúgbò wa kan ṣe ń bọ̀ wá ṣọdún Kérésì, ó bá wa gbé bọ́ọ̀lù náà wálé láìní ihò kankan lára, ó dán, ó sì ṣú bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí.

Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Àwọn mẹkáníìkì ló ń gbé iṣẹ́ wá fún un: irin tí ó jẹ, ihò tí ó fẹ̀ jù, ṣáàfù tí ó wọ́. Kò gba ibi iṣẹ́ mi ní Lekki gbọ́, torí ó rò pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta níbẹ̀. Ohun mìíràn tún wà láàárín wa. Bàbá mi ló to ẹ̀rọ ìlọta ìyá mi. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ó gé mi níka, ó gbẹ́ ìbòrí irin fún bẹ́líìtì náà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, láti ọjọ́ náà lọ, n kò rí i kí ó tẹjú mọ́ ìka yẹn mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, ojú mi ni ó máa ń wò.

Mo gbé bọ́ọ̀lù náà síwájú rẹ̀. Mo ṣàlàyé eré náà, mo sì fi fídíò tí bọ̀dá mi fi ránṣẹ́ hàn án. Ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àdùkẹ́, na ọwọ́ rẹ, jẹ́ kí n wò ó.”

Ó di ọwọ́ náà mú fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ìwọ̀n wọn ìka àárín, ó wọn àtàńpàkò, ó wá dé orí ìka òrùka. Ó tẹ ibi tí ó gé, ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní rárá. Ó ní, “Kò dùn ẹ́ rárá?” Mo ní, “Bàbá, ó ti pẹ́ tí kò dùn mí mọ́.” Ó mi orí, ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo mọ eré, òun ni ó mọ irin.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú lílu bọ́ọ̀lù ni ìnà ọwọ́, ìyẹn ìwọ̀n tí ó wà láti etí ihò àtàńpàkò dé etí ihò ìka kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gùn jù, iṣan ọwọ́ á máa nà. Bí ó bá kúrú jù, òṣèré á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún bọ́ọ̀lù. Ìka kò dọ́gba, nítorí náà ìnà wọn kò gbọdọ̀ dọ́gba. Ìka àárín mi yóò wọ inú ihò dé oríkèé àkọ́kọ́. Ìka òrùka mi kò ní oríkèé yẹn mọ́, torí náà bàbá mi sún ihò tirẹ̀ mọ́ àtàńpàkò ní nǹkan bí ínǹṣì kan, kí ibi tí ó ṣẹ́ kù lè wọlé kí ó sì rí nǹkan dì mú. Kò lu bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó gé igi àfárá, ó gbẹ́ ẹ roboto, ó kọ́kọ́ lu ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, ó ní kí n máa fì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gbẹ́ igi mìíràn kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó tún ku ibi tí ihò yóò wà lára bọ́ọ̀lù. Àmì kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ó ń fi orí kókó inú hàn. Jíjìnnà àmì yìí sí ibi tí bọ́ọ̀lù fi ń pòòyì lọ́wọ́ òṣèré ni ó ń pinnu bí yóò ṣe yà. Mo mú bọ́ọ̀lù ilé eré kan, mo yí i, mo sì wo ìlà òróró tí ó yí ara rẹ̀ ká. Láti ara ìlà yẹn ni bọ̀dá mi ti ràn wá lọ́wọ́ láti ṣírò ibi ìpòòyì mi. A fi ínǹṣì 4½ sáàárín rẹ̀ àti àmì náà, ibi tí kò pọ̀ jù tí kò sì kéré jù.

Bọ́ọ̀lù kì í dúró lábẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá mi gé páìpù irin nípọn bí òrùka, ó fi rọ́bà inú táyà wé etí rẹ̀, ó sì dè é mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ kí àárín òrùka náà bá ẹnu irin ìluhò mu gẹ́lẹ́. Ó ní bí òrùka bá ti wà láàárín, ibi yòówù kí a yí bọ́ọ̀lù sí lórí rẹ̀, ihò yóò máa dojú kọ ọkàn bọ́ọ̀lù. Bí ó bá sì fẹ́ kí ihò dagun díẹ̀ kí àtàńpàkò lè tètè jáde, yóò kàn sún òrùka náà díẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní èyí. Ogójì ọdún nídìí irin ni ó kọ́ ọ.

Kò gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba. Ó ní bí iná bá lọ tí irin wà nínú ihò, ó lè há síbẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó tan jẹnẹrétọ̀. Ìyá mi ti ẹ̀rọ ìlọta pa, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Irin kan èèpo bọ́ọ̀lù, òórùn tí n kò gbọ́ rí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bàbá mi rí i pé bí òun bá yára, ihò náà ń gbóná, èérún rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ irin, nítorí náà ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fà á sókè kí ó tutù. Ihò àtàńpàkò ni ó gbẹ̀yìn. Ó lu ú kéré ju bí ó ti yẹ lọ, ó wá fi fáìlì roboto àti sáńpépà fẹ̀ ẹ́ lẹ́nu títí àtàńpàkò mi fi wọlé tí ó sì jáde láìfà.

Nígbà tí ó parí, ó fẹ́ lu ihò kẹrin kí ìhà méjèèjì lè wúwo dọ́gba. Mo sọ fún un pé nígbà kan rí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ tí ń darí eré náà ní Amẹ́ríkà ti fòfin dè é: gbogbo ihò tí ó bá wà lára bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ ihò tí ìka ń wọ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Òfin yẹn dára. Kí ihò kọ̀ọ̀kan ní ìka tirẹ̀.” Ó wá mú ọwọ́ mi, ó fi ìka òrùka náà sínú ihò fúnra rẹ̀.

Àwọn kan ládùúgbò bi mí pé kí ni mo ń fi eré òyìnbó ṣe. Ìtàn tí bọ̀dá mi sọ fún mi ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Kí bọ́ọ̀lù rọ́bà tó dé ní 1905, igi líle tí à ń pè ní lignum vitae ni wọ́n fi ń gbẹ́ bọ́ọ̀lù bóólìn. Láti 1916 títí di 1950, òfin ẹgbẹ́ American Bowling Congress kò gba ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun láyè láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Detroit ní 1939. Nígbà tí ó di 1986, George Branham III di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ife nínú ìdíje PBA, ti àwọn tí ó fi eré náà ṣe iṣẹ́ ṣe. Eré tí àwọn ènìyàn wa jà kí wọ́n tó rí ojú pákó rẹ̀ kì í ṣe eré àjèjì sí mi mọ́.

Máàkì 118 ni mo gbà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lo bọ́ọ̀lù náà. Kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá gba ibi tí kò yẹ, n kì í mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ló ṣe é, tàbí bọ́ọ̀lù, tàbí òróró. Ní báyìí, bọ́ọ̀lù kan náà ni, ọwọ́ sì ń tú u sílẹ̀ bákan náà, nítorí náà bí nǹkan bá yí padà, ojú pákó ló yí. Bí a ṣe ń ṣeré lọ ni bọ́ọ̀lù ń kó òróró kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè yà, á sì máa kọjá sápá òsì ibi tí mo fẹ́. N kì í tún yí ọwọ́ pa dà. N óò sún ẹsẹ̀ mi sósì ní pákó méjì, bọ́ọ̀lù á sì tún padà sí ibi tí ó yẹ. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta òróró tuntun, tí kò yà tó, n óò sún sápá ọ̀tún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ó dára kí ènìyàn ní ohun kan tí ó mọ̀ tinú tẹ̀yìn, ìbáà jẹ́ ìwé ìṣirò kan tí ó ti ṣe gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀nà kan tí ó fi ń kàwé ní aago kan náà lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ní ìwé mẹ́wàá tí kò ka ọ̀kan tán kò lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló le ni tàbí òun ni kò kàwé. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ohun tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé kì í bá gbogbo ọmọ mu. Ọmọ tí ó ń já bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ kọ́kọ́ wọn ọwọ́ rẹ̀.

Nínú ìdíje òṣìṣẹ́ tí a ṣe gbẹ̀yìn, mo gba 163, mo sì ṣe ipò kẹta nínú àwa 11. Ọrùn ọwọ́ mi kò wú mọ́. Fóònù mi ṣì fọ́ lójú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ìka rẹ̀ tóbi débi pé kì í rí bọ́ọ̀lù ilé eré tí ó gbà á, gbé bọ́ọ̀lù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un láti Lekki wá sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó sì fẹ́ tú bọ́ọ̀lù náà jáde nínú àpò. Bàbá mi ní kí ó dúró ná. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fa àga kan fún un, ó ní, “Ọmọ mi, na ọwọ́ rẹ, jẹ́ kí n wò ó.”